Bàbá Mi Lọ Wẹ Ọmọ ní Kàdúná

Ìyá mi ló ní kí a parọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí inú ṣì ń bí mi sí i títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Sọ́jà ni èmi àti ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí nínú iṣẹ́ ológun. Òun ní tirẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì, ó ń tún àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọn ṣe. Inú bárékè ní Yàbá ni a ń gbé, nínú yàrá kan àti pálọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi á lọ sí Ládìpọ̀ lọ wá páàtì ọkọ̀, èmi á sì lọ kí àwọn òbí mi ní Súrùlérè. Ìgbé ayé wa nìyẹn, kò sì sí èyí tó burú nínú rẹ̀ tí kì í bá ṣe ti ogun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ sójú ogun ní òkè Ọya. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kejì, kò lè jókòó kí ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn mọ́. Bí táyà bá bẹ́ ní títì, á ti dọ̀bálẹ̀ kí a tó wo ọ̀tún wo òsì. Mo sọ fún un pé tí wọ́n bá fẹ́ gbé e lọ lẹ́ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ́kọ́ sin èmi. Ohun tó jẹ́ kí n wá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun nìyẹn, tí a sì kọ̀wé pé a fẹ́ fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i. Físà náà jáde.

Bàbá mi ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Láàárọ̀, tó bá ti jẹun tán, á gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ agboòrùn ọkùnrin tó ń lẹ táyà níwájú ilé wa, á ṣí ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n kò ní kà á. Ọ̀rọ̀ ni yóò máa sọ. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa tí kì í dé abẹ́ agboòrùn yẹn. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ sọ́jà, àwọn tí n kò mọ̀ rí ní àdúgbò kejì ló ń kí mi kú oríire, tí wọ́n ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé mo sunkún nígbà tí wọ́n gé irun mi. Kò ní ìkà nínú. Inú rẹ̀ kàn máa ń dùn débi pé kò lè dá a gbé ni.

"Ẹnu bàbá ẹ ń jò bí ajẹ̀rẹ̀," ni ìyá mi wí fún mi nínú kíṣìnnì. "Ṣé o rántí ọmọ ilé tó kọjú sí wa? Wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo àdúgbò ti jẹun, éápọ́ọ̀tù ni wọ́n ti dá a padà. Ayé ò dáa. Ẹ jẹ́ kí ẹ débẹ̀ ná."

"Kí la máa wá sọ fún Dádì, mà?"

"Ẹ ní wọ́n ti ṣe tiransífà yín lọ Kàdúná. Ṣebí sọ́jà ni yín. Ta ló ń bi sọ́jà pé kí ló ń lọ ṣe?"

Irọ́ náà bá wa mu bí aṣọ tí télọ̀ fi tépù wọ̀n. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ kúrò nílùú láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, á ronú títí. Àwa kàn ní láti dárúkọ ìlú kan ni. Ọkọ mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ó ní bàbá yìí ló fún òun níyàwó, òun ò lè wo ojú rẹ̀ kí òun máa parọ́ fún un. Ìyá mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ọkọ mi tó ti rí ogun, kò lè rí ẹkún obìnrin kó dúró. Ó gbà.

Lọ́jọ́ tí a lọ dágbére, bàbá mi gbàdúrà fún wa ní pálọ̀, ó ka Sáàmù, ó tún gbàdúrà mìíràn lé e. Lẹ́yìn náà ló wọ yàrá lọ, ó gbé súwẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ eérú jáde, èyí tó máa ń wọ̀ lọ síléèwé nígbà ọyẹ́ nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Sọ́jà," bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, "òtútù Kàdúná kì í ṣe kékeré o. Oyún ló sì wà nínú ẹ. Wọ èyí."

Òun ni mo wọ̀ lọ. Nígbà tí bàálù gbéra, mo fi apá súwẹ́tà náà bo ojú mi, ó ń rùn bí ṣọ́ọ̀kì àti kanfọ́ọ̀. Ojú ń tì mí gan-an.

Ìlú kékeré kan létí òkun la dé sí, ní apá òkè Ìlú Ọba. Ilé tí a rí gbà tutù bí inú fíríìjì, ògiri rẹ̀ ń hu dúdú, bí a bá nù ún lónìí, á tún ti hù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ní iṣẹ́ tó mú mi wá, àwọn arúgbó ni mo ń tọ́jú, títí oyún fi wúwo jù fún mi. Ọkọ mi lojú ń pọ́n. Ọkùnrin tó lè tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ nínú iyanrìn, kó sì tò ó padà kí ọ̀tá tó dé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹnikẹ́ni àfi tó bá kọ́kọ́ lọ síléèwé tiwọn. Ó wáṣẹ́ títí, ilé ìkẹ́rùsí kan ló ti wá ń gbé páálí. Ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù tán ló ń pe orúkọ rẹ̀ gbàgà, tó ń pàṣẹ fún un. Síbẹ̀, ìdájí ló ń jí, á kun bàtà rẹ̀ títí á fi máa dán, á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé ọ̀gá kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Á wá lọ dúró ṣánṣán níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì, àyà síwájú, láàárín àwọn ọmọ iléèwé. Mo máa ń wò ó látojú fèrèsé, ọkàn mi á sì bàjẹ́.

Ọjọ́ Àìkú la máa ń bá bàbá mi sọ̀rọ̀, lórí fóònù ìyá mi, nítorí fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ni tirẹ̀. Ìyá mi ti sọ fún un pé kámẹ́rà fóònù òun ti bàjẹ́, ohùn nìkan ló kù.

"Báwo ni Kàdúná?"

"Ó tutù, sà."

"Ṣé mo sọ fún ẹ." Á wá máa rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ á dùn pé súwẹ́tà òun wúlò.

Mo bẹ ìyá mi pé kó jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí ọkọ mi ríṣẹ́ ná. Ọkọ mi ríṣẹ́. Ó ní kí n jẹ́ kí n bímọ ná, pé orí ìkúnlẹ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń wá ẹjọ́. Ọmọ náà ò dúró de ọjọ́ rẹ̀. Ó kéré débi pé inú àpótí gíláàsì ni wọ́n gbé e sí, pẹ̀lú rọ́bà nímú. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, bàbá mi sọ orúkọ rẹ̀ látinú fóònù, ó gbàdúrà lórí oyin àti iyọ̀ tó rò pé ó wà níwájú wa. Ọkọ mi fi ẹnu sí ojú ihò ara gíláàsì náà, ó sì sọ orúkọ náà sí ọmọ létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ohun tí ẹ̀rọ wọ̀nyẹn ń sọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń rò pé ọmọ yẹn máa kú.

Kò kú. Wọ́n jẹ́ kí a gbé e wálé, ṣùgbọ́n wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbé e rìn jìnnà. Nígbà tí bàbá mi ní àfi kí òun rí fọ́tò rẹ̀, mo fi àdìrẹ kọ́ ara ògiri kí fèrèsé àti irin tó ń mú ilé gbóná má baà hàn, mo gbé ọmọ síwájú rẹ̀. Ìyá mi fi hàn án lórí fóònù. Ó ní ọmọ náà jọ ìyá òun. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí ìyá mi tẹ̀ lé e ló dá wàhálà sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo wá ń lọ wẹ ọmọ?"

Ẹ kúkú mọ bó ṣe máa ń rí. Bí ọmọbìnrin bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ kì í jókòó sílé. Ìyá mi gan-an ti ra ẹ̀kọ àti ewé lọ wẹ ọmọ àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú nígbà tí èmi wà ní pámárì. Ó wá ní orúnkún ń dun òun. Òótọ́ ni pé orúnkún ń dùn ún, ó máa ń lọ rí dókítà nítorí rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà, ṣùgbọ́n bàbá mi ò gbà.

"Orúnkún tó ń gbé ẹ lọ sípàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè gbé ẹ wọ bọ́ọ̀sì?"

Ìyá mi ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ dé, ó tún ní ó di èyí tó ń bọ̀. Ní abẹ́ agboòrùn, wọ́n ń bi bàbá mi pé kí ló dé tí ìyá ọlọ́mọ ò tíì lọ. Ojú tì í nítorí ìyàwó rẹ̀. Ìyá mi sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé bàbá mi ò gbé àga jáde mọ́, pé inú ilé ló ń jókòó sí. Ó yẹ kí a ti fura láti ìgbà náà.

Ọjọ́ tí ìyá mi tún lọ sí Ìdí-Àràbà ló ṣẹlẹ̀. Nígbà tó padà délé, ilẹ̀kùn wà ní títì. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà gbé kọ́kọ́rọ́ fún un.

"Mà, Dádì ní kí n sọ fún yín pé àwọn ti ń lọ Kàdúná, pé àwọn ń lọ wẹ ọmọ."

Wọ́n ní bàbá mi ti lọ sí ọjà ní Mushin lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ra kànrìnkàn, ó ra ọṣẹ dúdú, ó ra òrí. Ó bi obìnrin tó ta òrí fún un bí wọ́n ṣe ń na ọmọ lápá, obìnrin náà sì fi ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣe é fún un wò. Tíṣà ni, kò lè lọ ṣe ohun tí kò kọ́kọ́ kọ́. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì tó máa ń gbé lọ síléèwé, ó wọ bọ́ọ̀sì.

Mò ń fún ọmọ lọ́mú nígbà tí ìyá mi pè. Ẹkún nìkan ló ń sun. Mo rò pé bàbá mi ti kú ni.

"Bàbá ẹ ti lọ Kàdúná," ló wá sọ.

Ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó mọ ọ̀nà yẹn jù mí lọ, ó ti rí ohun tí wọ́n ń fi àwọn èèyàn ṣe lójú ọ̀nà yẹn. Ó béèrè àkókò tí bàbá mi jáde, ó béèrè orúkọ páàkì tó ti wọkọ̀, ìyá mi ò mọ ìkankan. A pe fóònù bàbá mi, ó ti kú. Fóònù yẹn kì í pẹ́ kú, bátìrì rẹ̀ ti gbó, èmi ni mo sì ṣèlérí pé mo máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn sọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ la ti mọ ohun tí irọ́ wa fọ́. A ò dágbére fún àwọn náà. Ẹnì kan gé fóònù nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹlòmíràn ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sá lọ, èwo ló kàn yín ní Kàdúná mọ́?" Ọkọ mi kàn sọ pé, "O ṣé, bọ̀bọ́," ó pe ẹlòmíràn. Ẹnì kan ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n jọ wọṣẹ́, tó wà ní Kàdúná lóòótọ́. Ó ní òun á lọ dúró ní páàkì. Ó lọ. Bọ́ọ̀sì tó ń retí ò dé.

Lọ́jọ́ yẹn, rédíò sọ pé àwọn ajínigbé ti dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà Kàdúná, wọ́n sì ti kó èèyàn wọ igbó. Wọn ò sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́. Ìyá mi ló gbọ́ ọ, òun ló sì pè mí. Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí ìyá rẹ̀. Mo ní òun ló pa bàbá mi. Mo ní ẹnu tó ń pè ní ajẹ̀rẹ̀ yẹn, a ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láéláé. Ìyá mi ò bá mi jà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, bẹ́ẹ̀ ni," léraléra, títí mo fi pa fóònù.

Mi ò lè ké, nítorí ọmọ ń sùn, nítorí ògiri ilé yẹn fẹ́lẹ́, àwọn òyìnbó tó wà lódì kejì á pe ọlọ́pàá. Mo fi súwẹ́tà bàbá mi di ẹnu. Nígbà tí mo jáde sí kọ́rídọ̀, mo rí ọkọ mi tó dúró síbẹ̀. Ó ti wọ bàtà ogun rẹ̀, èyí tó gbé bọ̀ láti ilé, ó ti so okùn rẹ̀ dé òkè. Kò sí ibi tó fẹ́ lọ. Kò sí ọkọ̀ tó lè gbé e dé ọ̀nà yẹn. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. Mo dì mọ́ ọn lẹ́yìn, àwa méjèèjì wà bẹ́ẹ̀. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé nítorí kí ogun má baà pa ọkọ mi ni mo ṣe kúrò nílé, mo wá fi bàbá mi dípò.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni sọ́jà yẹn pè láti Kàdúná.

"Mo ti rí wọn," ló wí. "Ẹnu géètì wa ni wọ́n wà."

Mọ́tò tí bàbá mi wọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Abúlé kan ni wọ́n sùn, páàkì mìíràn ni wọ́n sì já wọn sí. Bàbá mi béèrè ọ̀nà títí ó fi dé bárékè. Ó sọ orúkọ mi àti ti ọkọ mi, ó sọ ipò wa, ó sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì tó bímọ láìpẹ́ ni mí. Wọ́n wádìí, wọ́n ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí i rí. Ni bàbá mi bá rò pé wọ́n ti gbé wa lọ sójú ogun, pé a ti kú, wọ́n kàn ń fi pamọ́ ni. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú géètì, ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́yà, ó ní òun ò ní dìde àfi tí wọ́n bá fi sàréè wa han òun.

Ọkọ mi ní kí sọ́jà náà má sọ ohunkóhun fún un, kó kàn gbé fóònù sí i lójú. Ojú bàbá mi yọ. Eruku bò ó, ó ti gbẹ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ nínú pálọ̀ wa, kò tilẹ̀ rántí pé bàbá mi ò lè rí ilẹ̀.

"Sọ́jà," ni bàbá mi pè. "O wà láàyè."

"Mo wà láàyè, sà," ni mo dáhùn.

"Níbo ni wọ́n gbé yín lọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. A ò lọ Kàdúná rí. Ìlú Ọba la wà."

Mo gbọ́ tí ọkọ̀ kan kọjá lẹ́yìn rẹ̀.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ fún mi ní súwẹ́tà."

"Ìyá ẹ mọ̀?"

Mo tẹrí ba. Ó mi orí, bí ìgbà tí ọmọ iléèwé bá fún un ní èsì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé ọmọ wá. Mo gbé e síwájú fèrèsé gan-an, láìsí àdìrẹ, pẹ̀lú gbogbo òkun òyìnbó lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi wò ó pẹ́. Ó ṣí báàgì, ó mú kànrìnkàn jáde, ó sì gbé e sókè kí n rí i.

"Mo ti kọ́ ọ," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá wẹ̀ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ rọra nà án lápá. Ọ̀tún lẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú." Ó fún sọ́jà náà ní fóònù rẹ̀.

Sọ́jà yẹn gbé e lọ sílé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ fún un lóúnjẹ, wọ́n sì bá a wá àyè nínú ọkọ̀ àwọn ológun tó ń bọ̀ ní Èkó. Ó délé láyọ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kó dìde, pé orúnkún ń dùn ún. Ohun tó sọ nípa ọ̀rọ̀ náà kò ju ìyẹn lọ títí di òní.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún gbé àga rẹ̀ lọ sábẹ́ agboòrùn. Ìyá mi sá lọ sójú fèrèsé, ó rò pé gbogbo Súrùlérè ti fẹ́ gbọ́. Wọ́n bi bàbá mi pé báwo ni Kàdúná. Ó ní Kàdúná dára. Ó ní wọ́n fún wa ní ilé tó mọ́, igi máńgòrò wà níwájú rẹ̀. Ó ní òun fọwọ́ ara òun wẹ ọmọ, òun nà án lápá, ọmọ náà ké títí, lẹ́yìn náà ló sùn sórí itan òun. Ó sọ bí omi ṣe gbóná tó. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n kí i kú iṣẹ́. Ìyá mi ní òun jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, òun sunkún títí bàbá mi fi wọlé wá jẹun ọ̀sán.

Kànrìnkàn náà ṣì wà nínú báàgì rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó. Ní ọjọ́ Àìkú, á gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi, á jókòó síbi tí àwọn ará àdúgbò lè ti gbọ́ ọ, á sì gbé ohùn sókè.

"Sọ́jà, báwo ni Kàdúná?"

"Ó tutù, sà," ni mo máa ń sọ.